Malala Kì Í Ṣe Ọ̀tá Ìsìláàmù

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè fún lẹ́tà yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ ní ibi àsálátù wa ní ọjọ́ Àìkú kan láìpẹ́ yìí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ibi àsálátù tiwa nìkan ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Abẹ́òkúta. Ààfáà tó wá ṣe wáàsí fún wa, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún tí n kò sì ní dárúkọ, ń sọ̀rọ̀ lórí bí ó ṣe yẹ kí á tọ́ ọmọbìnrin. Nígbà tó ṣe, ó kan Malala Yousafzai, ọmọ ilẹ̀ Pákístàn tó ń jà fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, ó ní òun ni àwọn òyìnbó fi ń ba àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí jẹ́, pé àfojúdi ni ohun tí wọ́n ń pè ní ìgboyà rẹ̀, àti pé kí á kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wa kí wọ́n má fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ké Allahu Akbar. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń sọ.

Mùsùlùmí ni mí. Ilé-kéwú ni mo ti kọ́kọ́ mọ lẹ́tà kí n tó mọ ABD, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. N kò kọ lẹ́tà yìí láti bá ààfáà wa jà. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́jọ́ ní gbangba, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣe.

Ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1997 ni wọ́n bí Malala ní ìlú Mingora, ní àfonífojì Swat, ní àríwá Pákístàn. Mùsùlùmí ni bàbá, Mùsùlùmí ni ìyá. Bàbá rẹ̀, Ziauddin, ló ní ilé-ìwé tó ti kàwé. Ìyá rẹ̀, Toor Pekai, kò rí ìwé kà ní kékeré. Nígbà tí àwọn Taliban, ẹgbẹ́ agbébọn tó ń fi ẹ̀sìn bojú, jẹ gàba lé agbègbè náà lórí, wọ́n fi àdó olóró wó ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, wọ́n sì kéde pé tó bá ti di ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2009, ọmọbìnrin kankan kò gbọdọ̀ lọ sí ilé-ìwé mọ́. Ọmọ ọdún 11 ni Malala nígbà náà. BBC ẹ̀ka èdè Urdu ń wá ẹni tí yóò máa sọ bí ayé ṣe rí fún ọmọ ilé-ìwé ní Swat. Malala gbà láti ṣe é, wọ́n sì fún un ní orúkọ mìíràn, Gul Makai, kí wọ́n má baà mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tó kọ, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ìgboyà rẹ̀ ju ibi ọ̀rọ̀ ìbọn tí wọ́n yìn lù ú lẹ́yìn náà lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún náà, ó kọ ọ́ pé òun lá àlá tó bani lẹ́rù nípa hẹlikópítà àwọn ṣọ́jà àti àwọn Taliban, pé àyà òun ń já láti lọ sí ilé-ìwé, àti pé nínú ọmọ 27 tó wà ní kíláàsì òun, 11 péré ló wá lọ́jọ́ náà. Bó ṣe ń ti ilé-ìwé bọ̀, ó gbọ́ tí ọkùnrin kan ń sọ pé, "Màá pa ọ́." Ó yá ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó rìn síwájú díẹ̀ tó sì bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé orí fóònù ni ọkùnrin náà wà, ẹlòmíràn ló ń halẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó tún kọ ọ́ pé ọ̀gá ilé-ìwé ní kí àwọn má wọ yunifọ́ọ̀mù mọ́, kí wọ́n máa wọ aṣọ ilé. Ni òun bá mú aṣọ píǹkì tí òun fẹ́ràn jù wọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má wọ aṣọ aláràbarà, nítorí pé àwọn Taliban lè torí ẹ̀ bínú. Nígbà tí ilé-ìwé fẹ́ gba ìsinmi, ọ̀gá kò dárúkọ ọjọ́ ìwọlé, bẹ́ẹ̀ wọn a sì máa dárúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó yé àwọn ọmọ náà.

Ibo ni àfojúdi wà nínú èyí? Ọmọ náà kò sọ pé òun kò bẹ̀rù. Ẹ̀rù bà á, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rù ba òun, ó sì tún gbé báàgì ìwé rẹ̀ lọ. Èmi tí mo ti dúró níwájú kíláàsì láti ìgbà èwe mi mọ iye àgbàlagbà tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2012, nígbà tó ti di ọmọ ọdún 15, ọkùnrin Taliban kan wọ inú ọkọ̀ tó ń gbé wọn ti ilé-ìwé bọ̀, ó béèrè pé ta ni Malala nínú wọn, ó sì yìnbọn lù ú ní orí. Ọta ìbọn ba méjì nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní Pákístàn kí wọ́n tó gbé e lọ sí Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọlọ́hun sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ní ọdún 2014, òun àti Kailash Satyarthi, ará Íńdíà, ni wọ́n jọ gba Ẹ̀bùn Àlàáfíà Nobel. Ọmọ ọdún 17 ni. Kò sí ẹni tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó tíì gba ẹ̀bùn Nobel rí.

Wọ́n ní òyìnbó ló rán an níṣẹ́. Kí òkìkí rẹ̀ tó kàn dé ilẹ̀ òyìnbó, èdè Urdu ni wọ́n fi ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde fún àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀. Ìjọba Pákístàn fúnra rẹ̀ ló fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, kò tíì tó ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n yìnbọn lù ú. Nígbà tí ìbọn sì bà á, àwọn ààfáà ńlá bí 50 ní Pákístàn pa ohùn pọ̀, wọ́n gbé fátúwà jáde pé ohun tí àwọn tó yìnbọn náà ṣe lòdì sí Ìsìláàmù. Nígbà tó dúró níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York ní ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún 16, orúkọ Ọlọ́hun Ọba Àjọkẹ́ Ayé, Àṣàkẹ́ Ọ̀run, ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, gèlè sì wà lórí rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti sọ pé òun kò kórìíra ẹni tó yìnbọn fún òun, pé bí ìbọn bá tilẹ̀ wà lọ́wọ́ òun tí ọkùnrin náà sì dúró níwájú òun, òun kò ní yìn ín, pé lọ́dọ̀ Ànọ́bì Muhammad, Ànọ́bì àánú, ni òun ti kọ́ irú ojú àánú bẹ́ẹ̀. Ó tún ní òun ń fẹ́ kí àwọn ọmọ Taliban fúnra wọn, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, rí ìwé kà. Bí ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ ọ̀tá Ìsìláàmù, kí ààfáà wa júwe ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún mi.

Ó wá sí Nàìjíríà pẹ̀lú. Ní oṣù Keje ọdún 2014, nígbà tó pé ọmọ ọdún 17, Àbújá ni ó wá, nítorí àwọn ọmọbìnrin 276 tí Boko Haram jí gbé ní Chibok ní oṣù Kẹrin ọdún náà. Ó jókòó pẹ̀lú àwọn òbí wọn, ó sì lọ rí Ààrẹ Goodluck Jonathan láti bẹ̀ ẹ́ pé kó pàdé wọn. Títí di ìgbà náà, ó ti pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti kó àwọn ọmọ náà lọ, Ààrẹ kò sì tíì fojú kan àwọn òbí. Lẹ́yìn tí Malala lọ ni ó tó pàdé wọn. Krìsìtẹ́nì ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tí wọ́n jí gbé yẹn, ọmọ Mùsùlùmí láti Pákístàn ló sì bá wọn bẹ̀bẹ̀. Mo rò pé èyí tó ohun tí à bá fi ṣe wáàsí.

Ní ti ẹ̀sìn, n kò ní gùn, nítorí pé ààfáà mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kíkà ni àṣẹ àkọ́kọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ fún Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Hádíìsì tí a ń há sórí láti kékeré sọ pé wíwá ìmọ̀ jẹ́ ọ̀ranyàn lórí gbogbo Mùsùlùmí, kò sì yọ obìnrin sílẹ̀. Hádíìsì tó lé ní 2,000 ló ti ọ̀dọ̀ ìyá wa Aisha dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ wọ́n sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin onímọ̀ ló máa ń wá bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ wa níbí, Nana Asma'u, ọmọ Usman dan Fodio, tó gbé ayé láti ọdún 1793 sí 1864, kọ ewì ní Fúlàní, Haúsá àti Lárúbáwá, ó sì kọ́ àwọn obìnrin tó ń lọ láti abúlé dé abúlé láti kọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn ní ìmọ̀. Sókótó ni, kì í ṣe London.

N kò gbàgbé pé àwọn òbí wa ní ìdí tí wọ́n fi ń sá fún ilé-ìwé. Àwọn ìjọ Krìsìtẹ́nì ló kọ́kọ́ gbé e dé ìlú yìí, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ló sì ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá wọlé ní Mọríámọ̀, yóò jáde ní Mary. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ìdílé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923, tí ẹgbẹ́ Nawair-Ud-Deen sì ti Abẹ́òkúta yìí bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ ilé-ìwé tí ọmọ Mùsùlùmí yóò ti kàwé láì pa orúkọ rẹ̀ dà. Lónìí, yunifásítì Crescent wà láàárín wa, èyí tí Bọ́lá Ajíbọ́lá, tó ti ṣe adájọ́ ní Kóòtù Àgbáyé rí, dá sílẹ̀. Ìdí tó wà nígbà náà kò sí mọ́. Àwáwí ló kù.

Èyí tí mo sì ń gbọ́ jù nínú àwáwí náà kò ní ẹ̀sìn nínú rárá. Wọn a ní bó ti wù kí obìnrin kàwé tó, ilé ìdáná ni yóò parí ẹ̀ sí. Wọn a ní kí ó lọ kọ́ṣẹ́, kí ó máa bá ìyá rẹ̀ tajà, ṣé ọkọ ni yóò sáà fẹ́. Nígbà tí wọ́n bá sọ èyí tán tí ẹnu kò sì gbà á dáadáa, ni wọn yóò wá fi ẹ̀sìn bò ó. Kò sí Taliban ní Abẹ́òkúta, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Kò sí ẹni tó ń dá ọkọ̀ ilé-ìwé dúró ní Láfẹ́nwá tàbí ní Kútọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọbìnrin tó pọ̀ tí wọ́n rọra kúrò ní kíláàsì láìsí ariwo kankan, tí orúkọ wọn kàn dákẹ́ nínú rẹ́jísítà, tí mo sì bá wọn pàdé lọ́jà lẹ́yìn náà, tí wọ́n kúnlẹ̀ kí mi, tí ojú sì ń tì wọ́n láti wò mí.

Ọ̀kan wà tí kò gbà kí orúkọ tirẹ̀ dákẹ́. Ìyá àgbà rẹ̀ ń ṣe adìrẹ ní Ìtòkú, òun náà a máa bá a rẹ aṣọ kí ilẹ̀ tó mọ́, débi pé àró kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Bó bá ti nawọ́ sókè láti dáhùn ìbéèrè, èékánná búlúù yẹn ni n óò kọ́kọ́ rí. Ó mọ ìṣirò. Nígbà tí àkókò owó ìdánwò WAEC tó, bàbá rẹ̀ ní owó tó wà nílẹ̀ kò ju ti ẹnì kan lọ, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọn yóò sì fi pa mọ́ fún, ẹni tó ṣì wà ní ìpele JSS. Èmi fúnra mi bá bàbá sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Ọmọ náà kò bá bàbá rẹ̀ jiyàn. Ó dúró títí wọ́n fi kírun Alásàrí tán ní mọ́sáláṣí àdúgbò wọn, ó lọ bá Lẹ́mọ́mù, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ibi tí Ọlọ́hun ti ní kí wọ́n dá owó tèmi dúró de àbúrò mi." Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ló sọ fún mi pé Lẹ́mọ́mù kò fọhùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n lọ pe bàbá ọmọ náà wá. Wọ́n san owó náà. Ọmọ náà ṣe ìdánwò, ó sì yege. Lẹ́mọ́mù ti di olóògbé báyìí, kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ.

Bí mo bá ní kí wọ́n fi Malala ṣe àwòkọ́ṣe, irú nǹkan báyìí ni mo ní lọ́kàn. Èmi kò ní kí ọmọ wa kankan lọ dúró síwájú ìbọn. Mo fẹ́ kí ó lè bi àgbà ní ìbéèrè pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti ọ̀wọ̀, kí àgbà náà sì dá a lóhùn. Bàbá Malala ti sọ ọ́ ní gbangba pé kí àwọn ènìyàn má bi òun ní ohun tí òun ṣe fún ọmọ náà, kí wọ́n bi òun ní ohun tí òun kò ṣe: òun kò gé ìyẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ló mú ìwé ìdílé wọn, níbi tí wọ́n ti to orúkọ àwọn baba ńlá wọn láti ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn láìsí orúkọ obìnrin kankan níbẹ̀, tó sì kọ orúkọ Malala sí i. Ilé ni ìgboyà ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá sì ní ohun àjèjì ni obìnrin tó ń sọ̀rọ̀, kò mọ ìtàn Ẹ̀gbá. Ní ọdún 1914, Abẹ́òkúta Grammar School gba ọmọbìnrin àkọ́kọ́ wọlé, ọmọbìnrin náà sì ni Fúnmiláyọ̀ tó di ìyàwó Ransome-Kútì. Ohun tí a máa ń rántí ni pé ó kó àwọn obìnrin lọ sí ààfin nítorí owó orí, àti pé Aláké Adémọ́lá kúrò lórí ìtẹ́ ní ọdún 1949. A kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ti kàwé ni ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí di nǹkan bí ọdún 1944 tí obìnrin ọlọ́jà kan ní òun fẹ́ mọ ìwé kà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìwé. Ibi ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn ọlọ́jà ti ń sọ ohun tí ojú wọn ń rí, bí àwọn aṣojú ìjọba ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn, bí owó orí ṣe ń ni wọ́n lára. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti di ti gbogbo obìnrin Ẹ̀gbá, Mùsùlùmí, Krìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé ìwé kan wà fún àwọn obìnrin tó jókòó sí ọ́fíìsì, tí òmíràn sì wà fún ọlọ́jà. Obìnrin ọlọ́jà ló kọ́kọ́ béèrè.

Olóòtú, mo ní ohun mẹ́ta tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ àwọn Lẹ́mọ́mù àti ààfáà wa, láti mọ́sáláṣí ńlá Kobiti dé mọ́sáláṣí tó kéré jù. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ọ̀rọ̀ yìgì. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ti sọ di òfin tirẹ̀, kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 wọ ilé ọkọ. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 sì sọ ọ́ di dandan fún òbí láti jẹ́ kí ọmọ kàwé títí dé ìparí JSS. Àwọn òfin yìí wà, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá tó máa ń wà níbi tí wọ́n ti ń so yìgì; ààfáà ló máa ń wà níbẹ̀. Bí ààfáà bá bi àwọn òbí pé ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ yìí, ìwé rẹ̀ ńkọ́, tó sì kọ̀ láti so yìgì náà bí ìdáhùn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀pọ̀ bàbá ni yóò yí ọkàn padà, nítorí pé ojú ààfáà ń tì wọ́n ju ojú ìjọba lọ.

Èkejì ni kí ilé-kéwú má gba àkókò ilé-ìwé mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-kéwú ti tún aago wọn tò, kí àwọn yòókù náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta yóò bí àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ọ́. Ní ìlú yìí, bí ọmọbìnrin bá ṣe wòlímọ̀, a máa ń ra àǹkárá, a máa ń ta kánópì, a máa ń pa màlúù, a sì máa ń gba olórin, ó sì dára kí á yọ̀ fún ọmọ tó ka Àlùkùránì tán. Ṣùgbọ́n bàbá kan náà tó ná owó yìí yóò sọ fún olùkọ́ pé òun kò rí owó ìdánwò san. Mo ti jókòó lábẹ́ kánópì bẹ́ẹ̀ rí, mo jẹ ìrẹsì, mo mọ̀ pé ọmọ tí à ń ṣàjọyọ̀ rẹ̀ kò ní padà sí kíláàsì ní ọjọ́ Ajé. Kí ẹgbẹ́ àsálátù kọ̀ọ̀kan yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó wòlímọ̀ fún owó WAEC àwọn ọmọ wọn. Èmi yóò gbé e kalẹ̀ ní ẹgbẹ́ tiwa, bí wọ́n bá ṣì gbà mí láàyè láti sọ̀rọ̀ lẹ́yìn lẹ́tà yìí.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, àwọn Taliban ló ń ṣèjọba ní Afghanístàn láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021. Wọ́n ti ti ọmọbìnrin mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé-ìwé girama, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 sì ni wọ́n ti wọn mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yunifásítì pẹ̀lú. Kò sí orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí mìíràn tó ṣe irú èyí lónìí, ì báà ṣe Saudi tí Mẹ́kà wà nínú rẹ̀. Malala ṣì ń sọ̀rọ̀ nítorí wọn. Mo bẹ ààfáà wa pé bí wọ́n bá tún dárúkọ rẹ̀ níwájú àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, kí wọ́n sọ èyí náà kún un.

Bí wọ́n bá sì ní èsì sí ohun tí mo kọ, Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wọn ní àyè tó gùn tó èyí tí ẹ fún mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Abẹ́òkúta.